Nọ́ńbà Ọlọ Hilja

Nínú oṣù kẹta ni mo dé erékùṣù náà,
yìnyín ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí ẹ̀kọ tí ẹnì kan kò jẹ tán.
Mo gbé báàgì, rúlà gígùn, kámẹ́rà,
àti bébà kan tí ìjọba Ẹsitóníà tẹ òǹtẹ̀ sí.
Bébà yẹn ló ní kí n wá ka ohun àtijọ́
bí a ti ń ka ewúrẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọlọ afẹ́fẹ́ ni mo wá wò.
Ó dá dúró lórí òkè kékeré,
apá mẹ́rin, ọ̀kan ti kán,
ó ń na mẹ́ta tó kù sí òkun
bí arúgbó tó ń pe ọkọ̀ tí kò ní í yà.

Hilja jáde, ó wọ bàtà rọ́bà,
ọ̀bẹ tó fi ń bó ọ̀dùnkún wà lọ́wọ́ rẹ̀.
“Ìwọ ni Reet tó kọ lẹ́tà?”
“Èmi ni.”
“Lẹ́tà rẹ gùn. Mo fi dáná.”

Mo bi í pé ọdún wo ni wọ́n kọ́ ọ.
“Ọdún tí màlúù wa já sínú òkun dídì.”
Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé: ọjọ́ orí, kò dájú.
Kí ni wọ́n fi kọ́ ọ?
“Igi páìnì, ìṣó, àti èébú bàbá mi Kaarel.”
Mo kọ páìnì. Mo kọ ìṣó.
Fọ́ọ̀mù kò ní àyè fún èébú.

Mo gòkè. Páànù ni mo bá lórí
níbi tó yẹ kí pákó pẹlẹbẹ wà.
“Ta ló kan èyí mọ́ ọn?”
“Èmi. Òru ọjọ́ tí ìjì ṣí i lórí.
Níbo ni òfin rẹ wà lóru yẹn?”

Mo dákẹ́.
Òfin ń sùn ní olú-ìlú, ó fi aṣọ bora.
Òfin ní ẹ kò gbọdọ̀ wó o, ẹ kò gbọdọ̀ gbé e kúrò,
ẹ kò gbọdọ̀ fi páànù rọ́pò pákó
àfi tí ọ́fíìsì bá fọwọ́ sí i.
Òfin kò sọ ẹni tí yóò ra pákó.

Síbẹ̀, ẹ má tíì bú òfin.
Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Villem, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dé láti ìlú ńlá
pẹ̀lú ọkùnrin méjì, àwòrán òtẹ́ẹ̀lì, àti ayùn oníná.
Wọ́n ní igi jíjẹrà ni, ó ń dí ojú òkun.
Hilja kò pariwo.
Ó fi ẹnu ọ̀bẹ tọ́ka sí àwo irin
tí mo kàn mọ́ ilẹ̀kùn, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ:
nọ́ńbà mẹ́rin, àti orúkọ òfin.
Villem kà á. Ó tún un kà. Ó tutọ́ sílẹ̀.
Ayùn padà sínú bùútù.

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.
Ilé ẹni tí kì í ṣe ọba, bó bá jó, eérú ni.
Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gun òkè kiri pẹ̀lú òòlù.

Nígbà tí mo padà lọ, pákó tuntun ti bo orí ọlọ.
Ọ́fíìsì san ìdajì;
àgùntàn méjì ló san ìyókù.
Hilja wò mí, ó ní:
“Ṣé èmi náà lè wọ ìwé yẹn?
Mo dàgbà ju òrùlé yìí lọ.”
Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.
Mo wo fọ́ọ̀mù láti òkè délẹ̀:
ìpìlẹ̀, ògiri, òrùlé, ilẹ̀kùn.

Afẹ́fẹ́ gbéra láti òkun.
Ọlọ mira, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì.
“Ṣé o gbọ́? Epo ló ń bèèrè.”
Mo gbé bébà ìjọba sílẹ̀, mo fi òkúta lé e,
mo lọ wá agolo.